Ọkùnrin Tó Kẹ́yìn Sí Mi Lórí Afárá

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rẹ́rìn-ín tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, mi ò sùn, mi ò sì lo oògùn kankan.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ mi ti kú. Nítòsí Ibo Road, nílẹ̀ Hausa níbí, la jọ ń gbé. Fíìmù kan wà tó fẹ́ràn gan-an: dírágónì ń fi iná jó ìlú, àwọn èèyàn ń sá gba orí afárá gígùn kọjá. Nínú díìsì àtijọ́ tí a ní, ojú ẹnikẹ́ni ò hàn, bí ẹni ń wo inú èéfín ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Ṣadé ọmọ wa gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá wá, pẹ̀lú fíìmù yẹn kan náà tí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe. Ó mọ́ débi pé mo lè ka òkúta ara afárá.

"Mama, zauna ki kalla!" Hausa ló máa ń bá mi sọ. Mo jókòó, mo ń wò ó. Òun wọ ilé ìdáná lọ.

Ẹ gbà mí gbọ́. Láàárín àwọn tó ń sá, ọkùnrin kan ń rọra rìn. Ó kẹ́yìn sí mi. Èjìká òsì dàńṣíkí rẹ̀ ti ya rí, wọ́n fi òwú aláwọ̀ ewé rán an. Èmi ni mo rán an, láàárọ̀ ọjọ́ tí a sin ọkọ mi tòun ti dàńṣíkí náà, torí òwú tó bá a mu ti tán nílé.

Mi ò ní fọ́tò rẹ̀ tó dáa. Ojú rẹ̀ ti ń kúrò lọ́kàn mi díẹ̀díẹ̀. Kó sáà bojúwẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá Ṣadé," mo rọra pè é. "Bàbá Ṣadé, èmi ni."

Ó ń lọ. Afárá ti fẹ́ tán.

Ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọdún mọ́kànlélógún tí a fi gbé pọ̀, mi ò pè é rí. Ọjọ́ náà ni mo pè é.

Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú. Mo ti ń rí etí rẹ̀.

Wọ́n mú iná lọ.

Lẹ́yìn àga mi gan-an, ẹnì kan sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ṣé orúkọ mi lò ń pè yẹn?" Ó sì rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń rín in.

Mi ò lè yíjú. Èmi tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yíjú, ọrùn mi le gbagidi.

Ṣadé yọ láti ilé ìdáná. "Mama, wa ya yi dariya?" Ta ló rẹ́rìn-ín, ohun tó ń béèrè nìyẹn.

Mo ti wo fíìmù náà nígbà mọ́kànlá lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń rọra rìn lórí afárá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá ní lè bojúwẹ̀yìn, ẹ má pe àwọn tó ti kú.