Ohùn Ara Mi Nínú Fóònù

Ẹnu mi mú. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ pé ẹnu yìí ni yóò kó bá mi, ṣùgbọ́n ó sọ mí di olùkọ́ ná. Ní ilé ìwé ìṣègùn tí mo ti ń kọ́ni ní Enugu, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbọ́ ìró bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kẹ́kẹ́ á pa. Inú mi máa ń dùn sí i. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Ọ̀gá kan wà tó kọ́ wa nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, tó jẹ́ pé bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tí o kò mọ̀ ọ́n, yóò ní kí o lọ máa ta tòmátì, níṣojú aláìsàn, níṣojú nọ́ọ̀sì. Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ́ọ̀dù títí ojú mi fi wú, mo sì búra. Ẹ ó rò pé mo búra pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn láéláé. Rárá o. Mo búra pé èmi náà yóò di ọ̀gá.

Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé New Haven, àdúgbò kan ní Enugu náà, àwọn ọmọ mi dàgbà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, Igbo tí mo gbọ́ kò ju ti ọjà lọ. Mo lè bèèrè iye tí ata jẹ́, mo lè kí èèyàn káàárọ̀, ó parí. Bí ìyá aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, nọ́ọ̀sì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, tí mo bá ráyè gbọ́ ọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò kì í ráyè.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n mú òfin tuntun dé. Wọ́n ní olùkọ́ ìṣègùn tó bá ń wá ìgbéga gbọ́dọ̀ lọ kọ́ bí a ti ń kọ́ni, kó sì ṣe ìwádìí kékeré kan lórí bí òun alára ṣe ń kọ́ni, kó wá jábọ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí àwọn kan tó gbọ́n, ta ni yóò wá kọ́ mi? Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀kọ́ náà, ọmọ Igbo ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ níbi tí mo bá ti ń kọ́ wọn, kó gba ohùn gbogbo wa sílẹ̀, kí n padà wá gbọ́ ara mi. Ó ní ìyẹn nìkan ti tó ìwádìí. Mo ní, hẹn-ẹn, ṣé kò ju báyẹn lọ? Mo rò pé ọ̀fẹ́ ni mo rí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣe é, mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá aláìsàn náà, kò sẹ́ni tó kọ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọwọ́ kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òtútù àyà ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, òtútù àyà náà sì ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo ń fún wọn ní máàkì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lọ́wọ́ mi, yóò padà wá ṣe gbogbo wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì ti lọ.

Ọmọ wa kan, ọmọ Yorùbá, wà láàárín wọn. Ará Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Coal Camp, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Enugu, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọbìnrin náà sí. Igbo dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti àwọn ọmọ Igbo kan lọ. Yorùbá rẹ̀ ni kò já gaara, bí ẹni tó ń ṣa eegun ẹja lẹ́nu ló ṣe máa ń sọ ọ́. Nítorí pé tiwa ni, mo le mọ́ ọn ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ ẹni là ń bá wí, ṣe bí bẹ́ẹ̀ là ń wí? Bí mo bá sì fẹ́ bú u, Yorùbá ni mo fi ń bú u, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́. Lójú tèmi, àánú ni mò ń ṣe é. Mo rò pé mò ń bo àṣírí rẹ̀ ni.

Mo béèrè ohun tó ń mú ọmọ náà mí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin yìí nawọ́. Ó fi èdè Òyìnbó sọ pé ìyá ọmọ ní tí ọmọ bá ń mu ọmú, ńṣe ló ń… Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní ṣé ìyá ọmọ ni mo bi ni? Ó tún gbìyànjú, ó ní ó dà bíi pé ẹ̀dọ̀ ọmọ náà… Mo tún já a lẹ́nu. Mo wá yí i sí Yorùbá. Mo ní, "Olódo. Ṣé bí bàbá ẹ ṣe ń ta ayédèrú ọjà fún wọn ní Coal Camp ni ìwọ náà fẹ́ wá ta ayédèrú ìmọ̀ fún mi níbí?"

Mi ò mọ bàbá rẹ̀ rí o. Mi ò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá sí mi lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ mi, mo sì sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà tẹ orí ba. Mo kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí kò lè gbé e kọjá, a sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti yí ìtọ́jú ọmọ náà padà. Ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ihò wà nínú rẹ̀, kì í ṣe òtútù àyà. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó yẹ. Mo yìn ín níwájú gbogbo èèyàn. Ó la ẹnu bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti ń lọ.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa, obìnrin Igbo kan tó dàgbà jù mí lọ, ni mo gbé fóònù fún pé kó kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kó sì túmọ̀ èyí tó bá jẹ́ Igbo sí Òyìnbó. Ní gbogbo ìgbà tó bá wọ ọ́fíìsì mi, ó máa ń fìdí lélẹ̀ kó tàkúrọ̀sọ díẹ̀. Lọ́jọ́ tó dá fóònù padà, tó gbé ìwé yẹn wá, kò jókòó. Ó fi lé orí tábìlì, ó ní kí n kà á dé òpin, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ fóònù. Háà! Ọ̀gá wa àtijọ́ ni mo gbọ́ nínú ọ̀fun ara mi, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn kó tó fi ṣá èèyàn. Mo gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ń wá àyè láti sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Mo gbọ́ "olódo" tèmi. Mo gbọ́ "bàbá ẹ." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo máa ń rò pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Mo ti gbàgbé fóònù sórí tábìlì yẹn nígbà tí a kọjá, ó sì ń gba ohùn lọ. Ọmọbìnrin náà padà wá síbi bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọmọ bi í ní Igbo, ìwé akọ̀wé wà níwájú mi tí mo fi ń bá a lọ: "Ṣé ìyá rẹ nìyẹn, tó ń fi èdè yín bá ọ wí?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Rárá. Ará ilé wa ni."

"Kí ló wá sọ fún ọ?"

Ó wá ní, "Ó ní kí n tún ọmọ yín wò dáadáa."

Ó sì tún un wò. Ó bi ìyá náà bí ọmọ ṣe ń mu ọmú, ìyá ní bó bá ti mu díẹ̀ òógùn á bò ó, á sì fi ọmú sílẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni. Ohun tó fẹ́ sọ fún mi nìyẹn: àmì àìsàn ọkàn ni, òun àti ẹ̀dọ̀ tó wú. Mo wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré, mo gbọ́ tó ń bẹ dókítà kékeré pé kó jọ̀ọ́, kó wá fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ ọmọ yìí. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ọ̀sì rí fóònù, ó pa á, ó sì gbé e wá fún mi.

Ojú tì mí. Mo dá nìkan wà nínú ọ́fíìsì, síbẹ̀ mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Ọmọ tó gba ẹ̀mí aláìsàn mi là ni mo kọ òdo fún. Mo bú bàbá rẹ̀, òun sì bò mí lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Ta ló wá bo àṣírí ta?

Bí mo bá jẹ́ èèyàn gidi, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ǹ bá ti gba ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka lọ. Mo ronú nípa ìgbéga. Mo ronú nípa ẹnu àwọn èèyàn. Nígbà tí ọjọ́ ìjábọ̀ pé, mo dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ka ohun tó wà nínú ìwé yẹn fún wọn, àfi pé mo ní "olùkọ́ kan." Olùkọ́ kan tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń pòṣé. Obìnrin kan níwájú ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní ewúrẹ́ sìn. Mo mi orí pé òótọ́ ni, mo tiẹ̀ tún bá wọn pòṣé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń darí ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ló ń wò mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi wà lára ògiri ọ́fíìsì mi títí di òní.

Ní ti máàkì ọmọ yẹn, mo rọra lọ bá àwọn tó ń tọ́jú èsì ìdánwò. Mo ní àṣìṣe ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Wọ́n tún un ṣe, ọmọ náà sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Mi ò rántí pé ilé Yorùbá ni wọ́n ti bí ọmọ ọ̀hún, àti pé bí wọ́n bá ṣe ọmọ Yorùbá lóore, àwọn òbí rẹ̀ ń bọ̀ wá dúpẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì mi. Bàbá àgbàlagbà kan bọ́ sílẹ̀, tòun ti fìlà àti iṣu mélòó kan nínú àpò, ọmọbìnrin náà sì tẹ̀ lé e. Bàbá yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ bí mi. Bó ṣe wọ pálọ̀, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Mo ta gìrì, mo ní, "Èèwọ̀, bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, sà."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n dúpẹ́, ìyá wa. Ọmọ yìí ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní òun ò kàwé, òun sì fìdí rẹmi, pé ẹ̀yin lẹ ṣàánú òun. Ìlú onílùú la wà. Bí kì í bá ṣe ẹni ẹni, ta ni ì bá ṣe é? Ẹ ò jẹ́ kí ojú ó tì wá. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú ó ti ẹ̀yin náà láéláé."

Mo wo ọmọ náà. Òun náà ń wò mí. Kò bínú o, ì bá tiẹ̀ dára kó bínú. Ó kàn ń dúró dè mí, bó ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn tó ń wá àyè.

Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ò ṣẹ̀. Ó mọ̀wé. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni máàkì yẹn. Èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó ní, "Ṣé o gbọ́? Èèyàn ńlá bí èyí, ó tún ń gba ẹ̀bi ẹ rù! Ọmọlúàbí nìyẹn! Má gbàgbé láyé ẹ. Ó yá, kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ."

Fóònù mi wà lórí tábìlì láàárín wa. Ohùn náà ṣì wà nínú rẹ̀. Kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́ ni, bàbá á sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí mo pe òun àti ọmọ òun. Ẹnu mi, ẹnu tó mú yìí, kò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ọmọbìnrin náà wo fóònù, ó wo bàbá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà."

Mo sì jẹ́ kó kúnlẹ̀.