Ẹ̀rọ tó mọ èèyàn kí, tó sì fẹ́ pa ìyá kan

Mò ń jowú Délé ọ̀rẹ́ mi, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó máa kọ́ ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù níwà, kó má baà ṣi èèyàn lọ́nà. Èmi náà kọ̀wé sí wọn láti Kábà níbí. Wọn ò mú mi.

Lónìí, ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ yangàn. Ìyá kan béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà bóun ṣe lè da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà tóun fẹ́ tọ́jú. Ẹ̀rọ kí i bí àwa ará Kábà ṣe ń kíra wa, ó ní, "Okun o, ìyá. Ẹ kú iṣẹ́ oko." Ó wá sọ ìwọ̀n tí ìyá máa dà sí i.

Délé ti fún ìdáhùn yẹn ní gbogbo máàkì, ó ku kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé kí n má kìlọ̀ fún un. Bó bá fi ránṣẹ́, wọ́n á lé e, àyè á ṣí fún mi. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ̀wà yẹn sì lè dé ìkòkò ìyá mi.

"Délé, kí lo rí tó o fi fún un ní máàkì?"

"O ò rí bó ṣe kí ìyá ni? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìyẹn!"

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ló fẹ́ fún ìyá ní májèlé jẹ?"

Délé pa máàkì náà rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ kìlọ̀ fún ìyá pé kó má da oògùn yẹn sí ẹ̀wà tí èèyàn máa jẹ.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé pé ojú Délé mú bí abẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló yẹ kí wọ́n kí kú iṣẹ́?