Ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi

Tẹ́ ẹ bá ní kí aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́-ò-Sinmi wọ bàtà nídìí máṣíìnì, ìjà lẹ fẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ lásán ló fi kọ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń tẹ irin abẹ́ máṣíìnì. Ó ní bí bàtà bá ti wọ àárín òun àti irin, òun ò ní mọ ìgbà tó yẹ kóun rọra.

Àtọ̀gbẹ wá dé, ẹsẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá a sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: "Màmá, ẹ máa wọ bàtà, kódà nínú ilé. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́. Egbò kékeré lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yín." Ó ní òun ti gbọ́. Ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ti bàtà, ká gbọ́ ọ̀tọ̀, ká ṣe é ọ̀tọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣèwádìí àìsàn náà ń wá èèyàn tó máa bá wọn dán nǹkan tuntun wò: oògùn tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò ojoojúmọ́, àti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń lẹ̀ mọ́ apá, tó ń sọ iye ṣúgà ara fún fóònù. Wọ́n mú un. Inú ẹ̀ dùn dénú egungun, obìnrin tó ti ń gún ìka ara ẹ̀ láràárọ̀. Ṣúgà wálẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, fóònù ló máa kọ́kọ́ fi hàn án kó tó wọn ọrùn aṣọ.

"Ara mi ti dá," ló máa ń wí. "Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Òótọ́ ni, kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ṣúgà ni wọ́n rán an sí, ẹnikẹ́ni ò rán an sí ẹsẹ̀. Bí obìnrin yìí ṣe ṣíwọ́ wíwo àtẹ́lẹsẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tó ń ran aṣọ ilé-ìwé, abẹ́rẹ́ kán. Ó rí ìdajì, kò rí ìyókù. Ó gbálẹ̀ títí, ó sú u, ó fi òmíràn sí i, iṣẹ́ ń lọ. Inú gìgísẹ̀ ẹ̀ ni ìyókù náà wà, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọkọ ẹ̀, tó ń tún aago ṣe ní yàrá kejì, ní eku ló kú síbẹ̀. Wọ́n gbé káńtà, wọ́n gbọn àkìsà, wọ́n fọlẹ̀. Ìyàwó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé eku náà mọ́gbọ́n jù ú lọ. Nọ́ńbà orí fóònù ń gòkè díẹ̀ lásìkò yẹn, ìyàwó ní búrẹ́dì tóun jẹ ló fà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ kúnlẹ̀ sábẹ́ máṣíìnì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò sì tètè dìde.

"Ìyàwó mi, gbé ẹsẹ̀ ẹ sókè."

"Ṣé ẹ ti rí eku náà?"

"Gbé e sókè ná."

Ó gbé e. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún níbi tó kúnlẹ̀ sí.

Ní ọsibítù, dókítà ní egbò gìgísẹ̀ náà ti wọ egungun. Ìsàlẹ̀ orúnkún ọ̀tún ni wọ́n ti máa gé e, lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin náà bi í bóyá nǹkan tuntun wà fún ẹsẹ̀ bó ṣe wà fún ṣúgà. Dókítà ní wọ́n ń dán ìbọ̀sẹ̀ kan wò tó máa ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ bá ti gbóná kí egbò tó yọ, ṣùgbọ́n kò tíì jáde.

Obìnrin náà gbá aṣọ dókítà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ bá mi gé ti òsì. Ọ̀tún yìí ni mo fi ń tẹ máṣíìnì."

Ọkọ ẹ̀ ló rọra tú ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára aṣọ náà.

"Ti òsì ò ṣàìsàn, ìyàwó mi," ló wí.