Ìdí Tí A Fi Sá Gbodo

Mo sanra lọ́mọdé. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwé, ẹnìkejì mi á wá ibòmíràn gbà. Ní Ṣakí nígbà náà, lẹ́yìn tí wọ́n yí owó sí náírà, ìyìn ni irú ara bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ìyá ọmọ. Màmá mi ń ta aṣọ, ọjà ń tà fún wọn dáadáa, wọn ò sì fẹ́ kí n jọ ọmọ oko. Mi ò gbọdọ̀ pọnmi, mi ò gbọdọ̀ ṣeré nínú oòrùn kí n má baà dúdú. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ó di inú ṣọ́ọ̀bù, èmi àti búrẹ́dì àti mílíìkì inú agolo. Ká má purọ́, ó dùn.

Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀, mo ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ni a bá lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tẹ ojúgun mi, ó bi mí ní ohun tí mò ń jẹ, ó sì ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, àìjẹunrekánú ló ń ṣe ọmọ yín."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Èwo nìyẹn? Ẹ ò rí bó ṣe tóbi tó ni?"

"Mo rí i, mà. Ó ń yó, kò jẹun re ni. Egungun rẹ̀ ò lágbára. Fítámì kan wà tó jẹ́ oòrùn ló ń fún ara, oòrùn ò sì kan ọmọ yìí. Ẹ fún un lẹ́yin, ẹja àti ẹ̀wà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa yá oòrùn láàárọ̀."

Lójú ọ̀nà, màmá mi kìlọ̀ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, mo máa rí pupa ojú àwọn. Ṣebí àwọn ni àdúgbò ń wá bi léèrè bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ!

Àmọ́ báwo ni odidi ọmọge á ṣe máa jókòó sínú oòrùn tí ayé ò ní béèrè? Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, gbogbo ìlú ń sá gbodo sórí àpáta, iṣu bíbọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ ní èlùbọ́. Màmá mi, tó jẹ́ pé èlùbọ́ lílọ̀ ni wọ́n máa ń rà, lọ ra iṣu. Wọ́n bẹ ẹ́, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n ní kí n máa lé ewúrẹ́.

Ojú tì mí lórí àpáta yẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á kọjá, wọ́n á ní, "Ewúrẹ́ wo ló máa rí erin tí kò ní sá?" Orúnkún ò sì jẹ́ kí n lé wọn.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi màmá mi pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sá gbodo fúnra wọn. Mo gbọ́ èsì wọn. "Ọjà ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o." Irọ́ funfun báláú! Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà. Lójú wọn, kò sẹ́ni tí ọjà ò lè bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyá tó lówó tí kò mọ ọmọ bọ́, kí ni yóò rí wí?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, opó àgbàlagbà kan tí màmá mi máa ń fún ní sààrà rọra gun àpáta wá bá wa. Wọ́n di ẹ̀wà sínú ìborùn.

"Ìyàwó, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò pọ̀, gbà á fún ọmọ. Ọlọ́run á dá ọjà padà."

Mò ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí màmá mi má gbà á. Ta ni ò mọ̀ pé ìyá yẹn gan-an ò rí jẹ tó? Màmá mi wò mí, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí àpáta tó gbóná, wọ́n tẹ́wọ́ gbà á.

"Ẹ ṣé, ìyá mi. Ọlọ́run á san án fún yín."

Opó náà yíjú sí mi, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wò ó bó ṣe ti ń rù."

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé ewúrẹ́ tí kò sí níbẹ̀.