Gbogbo Ara, Àfi Eyín àti Ojú

Eyín ló pa ìyá ìyá mi. Mo kọ ọ́ síbí báyìí nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń fi nǹkan bò ó. Ní gbọ̀ngàn tá a ti ṣe ìdágbére fún un, wọ́n ní àìsàn ránpẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì kan ní ọjọ́ ogbó ni. Màámi ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èmi náà mọ̀. Eyín kan ni, ọ̀kan ṣoṣo, nínú lọ́hùn-ún lápá òsì, tí dókítà eyín ì bá ti yọ kí omi tó hó lórí iná. Wọn ò yọ ọ́. Ìyá àgbà ti wà nínú ilẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ náà sì ń rí mi lára.

Màámi ní kí n má kọ ọ́. Ó ní ọmọ tí ò parí ìwé kì í bá àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì fa ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, n ò parí ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ sú mi, mo wá ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Tí ìwé mi bá wọ́, ẹ bínú sí ìwé mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò wọ́.

Mámà ni mo máa ń pe ìyá àgbà. Níbi iṣẹ́, Eyín-Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwòsàn ńlá ló ti ṣiṣẹ́, nínú yàrá ìránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ, níbi tí páìpù omi gbígbóná ti máa ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Aṣọ ìbùsùn, kóòtù dókítà, aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ tí wọ́n fi ń bo òkú pàápàá, òun ló ń rán an. Àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì, àmọ́ ta ló ráyè ẹ̀? Tó bá rán dé ìparí, á tẹrí ba, á fi eyín já òwú, tà! Ó tún ti mú òmíràn. Píìnì á tò sáàárín ètè rẹ̀, á sì tún máa fi ẹnu kan náà bú ẹni tó bá pẹ́ dé. Nígbà tó yá, eyín iwájú rẹ̀ ní kòtò kékeré kan níbi tí òwú máa ń gbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, á ní kí n fi ìka kàn án. "Wò ó, ọ̀nà tí mo fọwọ́ ara mi là nìyẹn." Àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Òwú funfun lórí aṣọ funfun, lábẹ́ gílóòbù kan tó ń ṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ kan. Kò tíì fẹ̀yìn tì tí ojú ti ń ṣe bàìbàì. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, awò ojú rẹ̀ fọ́, kò sì rí òmíràn gbà. Nílé, èmi ni mò ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fún un. Á na abẹ́rẹ́ sókè, á ní, "Ojú mi dà? Ojú mi, máa bọ̀." Èmi lojú rẹ̀. Tí inú bá ń bí mi, tí mo bá ti kó orí wọnú aṣọ tí n ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìpè yẹn nìkan ló máa ń mú mi dìde.

Ẹ wá gbọ́ o. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà, tó jẹ eyín ẹ̀, tó jẹ ojú ẹ̀, ló fún un ní káàdì adójútòfò ìlera. Tó o bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, káàdì á tọ́jú eyín rẹ, á tọ́jú ojú rẹ, á fún ẹ ní awò ojú tuntun tí èyí tó o ní bá fọ́. Ọjọ́ tó o bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á gba èyí lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á fún ẹ ní ti àwọn àgbà. Gbogbo ara ló wà nínú ti àwọn àgbà, àfi eyín àti ojú. Bóyá ọjọ́ tí èèyàn fẹ̀yìn tì ni eyín rẹ̀ náà fẹ̀yìn tì. Bóyá wọ́n ti gbọn ọwọ́ ojú náà, wọ́n sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló jókòó sórí àga ẹlẹ́tìmùtìmù tó ro irú èyí? Ṣé kò ní ìyá ni? Mámà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un: "Aránṣọ tó bá gé kóòtù tí ò gé apá sí i, kó lọ kọ́ṣẹ́ padà."

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn náà. Ẹnì kan tá à ń pè ní Alágbàfọ̀ bá wa lọ. Ọ̀rẹ́ Mámà ni, ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn yẹn ló ti ṣiṣẹ́, òun náà ti fẹ̀yìn tì. A tò, ó kàn wá. Ọmọkùnrin tó wà lójú fèrèsé gba káàdì, ó wò ó, ó sì tì í padà.

"Màmá, ẹ má bínú. Káàdì yín dáa, àmọ́ eyín ò sí nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Ẹnu mi ló wà."

"Rárá mà. Eyín àti ojú, wọn kì í tọ́jú ìyẹn fún ẹ̀yin àgbà."

"Kò burú. Tí mo bá tún ń bọ̀, màá kó wọn sílé. Ara tó kù ni màá gbé wá."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ní, "Eyín-Àlùmọ́gàjí, gbé ahọ́n náà sílé, ká lè ráyè gbọ́ tiwa." Ọmọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kó wá máa wú báyìí ni?"

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe wá lóore. "Tó bá di pàjáwìrì, wọ́n á gba Màmá. Àmọ́ wọ́n ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn báyìí. Èyí kì í ṣe pàjáwìrì."

Ẹ tún un kà. Ẹ dúró de ìgbà tí wọn ò ní lè rìn mọ́, kẹ́ ẹ tó gbé wọn wá. Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Káàdì tiwọn ní kí igi kọ́kọ́ gún ẹ ná. Tó bá ti gún ẹ tán, kó o wá tò.

Dókítà eyín aládàáni wà lókè òpópónà wa. Ó dárúkọ owó tó ń gbà, Mámà dúpẹ́, ó ní eyín òun ò ì di góòlù. A bá pa dà sílé. Búrẹ́dì tá a rẹ sínú tíì ló ń jẹ. Ìrẹsì, màá kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó máa ń kẹ̀yìn sí mi tó bá ń jẹ ẹ́. Ẹni tó máa ń fi eyín já òwú! Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi sí i lára. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dín in, àwọn ìka rẹ̀ ń tọ ojú rírán lọ nítorí pé ojú ò ríran.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, aránṣọ nìkan ló lè ṣe é. Nínú yàrá ìránṣọ yẹn, tí ẹ̀ẹ́rún igi bá wọ ẹnikẹ́ni níka, ọ̀dọ̀ Mámà ló ń wá. Dókítà gan-an máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Mámà á fi abẹ́rẹ́ kan iná, á gún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti jáde. Ó wá gbà pé kò sóhun tí abẹ́rẹ́ ò lè tú. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé ṣòkòtò oníbàárà kan fún un, Mámà gbé àpótí síwájú dígí, ó kan abẹ́rẹ́ níná, ó ya ẹnu, ó sì lọ tú ọyún tó wà lábẹ́ eyín. Ó ya ẹnu síwájú dígí tí ò rí.

Mo wọlé, mo bá a pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mámà! Kí lẹ ṣe?"

"Mo ti tú u. Ojú mi ò sí nílé, mo bá ní kí ọwọ́ máa mú mi lọ."

Ọwọ́ ṣìnà. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, wíwú náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà bíi ti ẹni tó wà nínú kòtò. Kò lè gbé itọ́ mì. Kò lè rìn.

Ó ti wá di pàjáwìrì. Ẹ ò bá rí wọn! Mọ́tò aláago tó ń gbé aláìsàn sáré wá. Káàdì tí ò mọ eyín wá mọ ọrùn, ó mọ ẹ̀jẹ̀, ó mọ bẹ́ẹ̀dì, ó mọ omi tí wọ́n ń fà sí i lára, ó mọ dókítà mẹ́ta tó dúró yí i ká. Kò sẹ́ni tó béèrè owó lọ́wọ́ wa. Wọn ò lè yọ eyín kan, àmọ́ wọ́n lè sanwó ikú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń kó mi nírìíra. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà ní, "Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ látìgbà yẹn ni..." ó wo bàtà ara ẹ̀. Èkejì ní, "Ṣebí màmá ló fọwọ́ ara ẹ̀ gún ara ẹ̀." Mo fẹ́ bu ìyẹn jẹ. Ta ló fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́? Ta ló gba awò kúrò lójú ẹ̀?

Kó tó dákẹ́, ìka rẹ̀ ń rìn létí aṣọ ìbùsùn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń wá ọwọ́ mi. Mo fún un lọ́wọ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́tí aṣọ náà ló ń tọ̀. Ó tọ̀ ọ́ dé igun, ibi tó máa ń rán ní àránpadà kó má bàa tú. Ó fẹnu tó ti wú sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ: "Tèmi nìyí." Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Aṣọ tó rán ló kú lé lórí. Aṣọ náà ò tú o. Òun ló tú.

Ní gbọ̀ngàn, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn fúnra ẹ̀ wá, òun àti òdòdó ńlá. Awò ojú rẹ̀ ń kọ mànà. Ó dìde, ó ní, "Màmá yìí fi gbogbo ara sìn wá."

N ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, "Pẹ̀lú eyín, sà? Pẹ̀lú ojú?"

Màámi já mi ní èékánná nítan. "Jókòó! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

Alágbàfọ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá dá a lóhùn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín pé, kò sí àlàfo kankan, ó ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀rín tí káàdì sanwó ẹ̀ ni.

Sà, tó bá jẹ́ gbogbo ara lẹ gbà, gbogbo ara ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Àgbà tí ò lè jẹun á rù, àìsàn á rí ilé wọ̀. Àgbà tí ò ríran á ṣubú, ẹ̀yin náà lẹ máa sanwó itan tó bá kán. Alágbàfọ̀ da omi gbígbóná sẹ́sẹ̀ ara ẹ̀ lóṣù tó kọjá nítorí pé kò rí ibi tí ife wà. Káàdì tọ́jú ẹsẹ̀. Káàdì ò bi í bóyá ojú ló fà á. Ní báyìí, tó bá fẹ́ sọdá títì, etí ló fi ń wo mọ́tò. Ìyẹn náà ò tíì di pàjáwìrì. Mọ́tò ò tíì gbá a.

Mi ò fẹ́ òdòdó. Orúkọ ni mo fẹ́. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé eyín àti ojú kúrò lára àwọn àgbà, ta ni? Kó jáde wá, kó sọ ìdí ẹ̀ fún wa lójú gbogbo àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, kó sì dá wọn padà sínú káàdì kí Alágbàfọ̀ tó sọdá títì tó máa gbẹ̀yìn.

Abẹ́rẹ́ Mámà wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Alágbàfọ̀ ń bọ̀ ní ọ́fíìsì yín, Màámi ì báà já mi ní èékánná tán. A ò ní pariwo. Màá gbé abẹ́rẹ́ náà sórí tábìlì yín, pẹ̀lú òwú funfun. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ awò yín, ẹ fi òwú sí i fún wa. Tẹ́ ẹ bá wá a tí ẹ ò rí ojú ẹ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kó ràn yín lọ́wọ́ o.

Kò sí nínú káàdì.