Ilé Tó Ń Dáhùn

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kan àpáta Ọ̀kà tí oòrùn ti yan láti àárọ̀, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí n kò gbọ́ níbòmíràn rí, bí eruku, bí irin, bí ewé kajú tó ti rà. Òórùn yẹn ló pàdé mi lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ lọ bá ìyá tó bí ìyá mi. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú wá àṣà kan tó ń kú lọ nínú ìdílé rẹ̀, kí ó kọ ọ́ wá. Mo ti mọ ibi tí n óò ti rí tèmi.

Àwọn òbí ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ọ̀kà. Láti ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìṣùà ni wọ́n ti wá dáko, wọ́n sì gbé èdè ìlú wọn wá, èdè tí àwọn aládùúgbò kò gbọ́ rárá. Nínú ilé wọn, ẹni tó bá ti oko dé kì í kàn ṣílẹ̀kùn. Yóò dúró níta, yóò sọ gbólóhùn kan ní èdè náà, ẹni tó wà nínú ilé yóò fi òmíràn dá a lóhùn, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Wọ́n ní ìgbà ogun ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ará ilé lè mọ ara wọn yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ogun lọ, àṣà kù. Màmá àgbà gbà pé ilé tí kò bá dáhùn ti di ti àwọn tí a kì í rí. Ó ń kírun rẹ̀ márààrún, ó ń gbààwẹ̀, síbẹ̀ kò fi èyí ṣeré.

Bàbá àgbà ló máa ń dá a lóhùn, ó sì ti tó ọdún kan tí Bàbá ti kú. Ìyá mi kò jẹ́ kí a sọ èdè náà nílé. Ó ní èdè oko ni. Nítorí náà mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi kí n tó kúrò ní Ìkàrẹ́ pé àṣà yìí ti bá Bàbá lọ.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo rí Màmá bó ṣe ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí. N kò kí i. Ọgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni, mo fẹ́ wo ohun tó máa ṣe. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ó pè. Gbogbo ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti inú ilé tí kò sẹ́nì kan, Bàbá àgbà wúkọ́, ó sì dáhùn.

Mo mọ ikọ́ yẹn. Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e wọ sàréè. Mo pariwo, mo sì sáré já síwájú ilé.

Màmá rẹ́rìn-ín. “Ùwọ ni? Kí lò ń sá fún?” Ó fi fóònù kékeré kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn mí, ó sì nawọ́ sí òmíràn tó wà lójú fèrèsé nínú ilé. Ó ti gba ohùn Bàbá sílẹ̀ nígbà tí àìsàn dé, onífóònù kan ní Ìwàrò sì fi ohùn náà ṣe agogo fóònù tó wà nínú ilé. Tó bá ti pe gbólóhùn tirẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà, ọkọ rẹ̀ yóò sì dáhùn. “Ọmọ mi ò gbọ́ èdè,” ó ní. “Fóònù gbọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé ohun èlò ló ń sáré, ìgbàgbọ́ ló ń fà sẹ́yìn. Olùkọ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ Màmá ni.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ lọ sóko. Iná kò wá láti àná, fóònù inú ilé sì kú. Nígbà tí a padà dé, Màmá dúró níta, ó pè, kò sí èsì. Ó tún pè. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé e lórí, aládùúgbò ń kígbe pé, “Ìyá, ẹ wọlé, òtútù á pa yín o!” Kò mira. Òjò bá òtútù tí mò ń gbọ́ láyà rẹ̀ láti òru, ẹ̀rù bà mí pé ibẹ̀ ló máa kú sí.

Mo ní kí n wọlé dá a lóhùn. Ó wò mí. “Ta ni á dá ùwọ náà lóhùn?”

Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo dúró níbi ilẹ̀kùn, mo sì rọra sọ gbólóhùn ìpè náà, èmi tí mo ti kọ “ìgbàgbọ́ asán” sínú ìwé. Mo gbọ́ ikọ́ kan. Ó lè jẹ́ òjò lórí páànù. Inú ilé ṣú, ó ń rùn bíi káfúrà, mo sì sáré dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn iwájú, mo pariwo ìdáhùn tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá lánàá.

Màmá wọlé, omi ń ro lára rẹ̀. “Àfi bí ẹni tí usu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀,” ó ní, ó sì ń sunkún.

Ó ti kú báyìí. Mo ní ilé tèmi ní Ìkàrẹ́, mo sì ti kọ́ ọmọbìnrin mi ní gbólóhùn méjèèjì. Tó bá ti ilé ìwé dé, yóò pè, n óò dáhùn. Inú mi máa ń dùn sí i, mo máa ń rò pé mo ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ ikú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bi mí pé, “Mọ́mì, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” N kò bi Màmá rí. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ó ní òun ti gbàgbé. Kò tún sí ẹlòmíràn tí mo lè bi. A ṣì ń pè, a ṣì ń dáhùn lójoojúmọ́, a kò sì mọ ohun tí à ń sọ, tàbí ẹni tí à ń sọ ọ́ fún.