Ààyè Ìkejì Mi Lábẹ́ Igi Obì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní abúlé kòkó tí àwọn òbí mi ń gbé lẹ́bàá Iléṣà, ọdọọdún ni ayafọ́tò kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Òṣogbo láti yà mí lábẹ́ igi obì ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ má rò pé ọlọ́rọ̀ ni wá o! Ìbejì ni wọ́n bí mi, ìkejì mi ò sì pé ọdún kan tó fi lọ. A kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó rìnrìn àjò ni. Ìyá mi ní dandan, àwọn ọmọ òun méjèèjì ni yóò jọ máa dàgbà.

Màá jókòó sí apá ọ̀tún àga gbọọrọ kan, ayafọ́tò á bo ìdajì ojú ẹ̀rọ rẹ̀, á yà mí. Á ní kí n bọ́ sí òsì, á bo ìdajì kejì, á tún yà mí. Tí fọ́tò bá jáde, ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Ìyá mi á gbé e kọ́ ògiri, á máa bá ti apá òsì sọ̀rọ̀: "Ìwọ tí kì í yọ mí lẹ́nu." Èmi tí mò ń pọnmi, tí mò ń sá kòkó, èmi wá ni mò ń yọ ọ́ lẹ́nu! Ó dùn mí gan-an.

Lọ́dún tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n yà mí lápá ọ̀tún tán, mo di àga mú. Mo ní, "Ẹ ya èmi nìkan." Bàbá mi bẹ̀ mí títí, ayafọ́tò fi bisikíìtì tàn mí, mo kọ̀ jálẹ̀, títí oòrùn fi wọ̀. Ìyá mi ò nà mí. Ìyẹn ì bá sàn. Ó jókòó sórí ewé gbígbẹ, ó ń sunkún.

"O ti pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyá mi tí kì í dárúkọ ikú! Mo sáré bọ́ sí òsì, mo ní kí wọ́n yà mí, mo ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Fọ́tò yẹn jáde: èmi lọ́tùn-ún, òsì dúdú kirikiri. Ìyá mi gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì pe ayafọ́tò mọ́ títí ó fi kú.

Ayé ti yí padà. Fóònù ni àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń ya gbogbo nǹkan, àní oúnjẹ. Wọ́n á ní, "Màmá àgbà, ẹ dúró sáàárín!" Mo máa ń gbìyànjú o. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, mo ti sún sí ọ̀tún, mo ti fi òsì sílẹ̀ fún un.